Orúkọ Tí Kò Ní Àwòrán, Àwòrán Tí Kò Ní Orúkọ

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ọmọ ènìyàn nìkan ni òwe yìí bá wí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ẹranko ńlá inú odò ní erinmi kò jókòó sínú yàrá kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó dé etí omi, ó rí i pé ẹranko náà sanra bí erin, ó sì rí i pé inú omi ni ibùgbé rẹ̀, kí ó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ẹyẹ, ẹja àti ẹranko tí a jogún. Ojú ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ahọ́n tó ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ lónìí, bí ó tilẹ̀ fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ fàájì, ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ni.

Àṣà kan ti wọ ìlú Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ a máa háyà ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà, èyí tí a ń pè ní káyáàkì. Wọn a wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, wọn a gbé kámẹ́rà tàbí fóònù kọ́rùn, wọn a sì gba ojú ọ̀sà lọ láti ya fọ́tò ẹyẹ, akàn, ẹja àti igi etí omi. Mo ti rí púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò wọ̀nyí, wọ́n sì dára lójú. Ìyẹ́ ẹyẹ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń kán sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì tàn sí i lára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo abẹ́ àwòrán, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò bá níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ lásán pé ẹyẹ kan ní Èkó nìyí. Ọmọ Yorùbá ni ó ya àwòrán náà, omi Èkó ni ó ti yà á, ẹyẹ náà sì ti ń jẹ́ orúkọ Yorùbá kí baba ńlá ayafọ́tò tó dáyé. Síbẹ̀, orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀.

Kí a tó dá àwọn ayafọ́tò lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa ná. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843 ni a ti ń kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ. Ní ọdún 1913 ni ìjọ C.M.S. tẹ ìwé atúmọ̀ èdè tiwọn jáde, èyí tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń lò. Ẹni tí ó bá ti fi ìwé yẹn wá orúkọ ẹ̀dá inú omi rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ óò rí orúkọ kan tí ó dùn létí, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ẹ óò bá níwájú rẹ̀ kò ju pé irú ẹyẹ kan ni, tàbí pé irú ẹja kan ni. Irú ẹyẹ wo? Ṣé funfun ni àbí dúdú? Ṣé inú igbó ni ó ń gbé àbí etí omi? Ìwé kò sọ. R. C. Abraham gbìyànjú gidigidi nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Ó ya àwòrán sí i, ó sì wá orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ọ̀pọ̀ ẹyẹ àti igi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé parí fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí. Àwa tí à ń kọ́ èdè ní orúkọ tí kò ní àwòrán. Àwọn tí ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà ní àwòrán tí kò ní orúkọ. Ohun tí mo ń sọ nínú gbogbo àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí a mú àwọn méjèèjì pàdé lórí omi, nígbà tí àwọn tí ó mọ orúkọ ṣì wà láàyè, tí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà sì ṣì ń fò.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ọkọ̀ alájẹ̀ ni mo ń sọ, tí kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Káyáàkì kì í ṣe ọkọ̀ fàájì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn ènìyàn Inuit tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín, lápá òkè Amẹ́ríkà àti ní Greenland, àti àwọn ìbátan wọn, ni wọ́n ń fi awọ ẹranko òkun bo igi tàbí egungun láti fi ṣe é. Ọkọ̀ ọdẹ ni. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, ó sì máa ń lúgọ sórí omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko kì í fi í tètè fura. Àwọn ìwà wọ̀nyí náà ni ayafọ́tò ń fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti bú ramúramù, ẹyẹ ti fò lọ kí kámẹ́rà tó là. Ọkọ̀ alájẹ̀ a máa wọ ibi tí omi kò jìn, láàárín gbòǹgbò igi. Ẹni tí ó sì jókòó sínú rẹ̀, ojú òun àti ojú ẹyẹ tí ó dúró nínú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tiwa ti ṣe ń ṣe láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ẹni tí kò bá lówó káyáàkì lè wá apẹja tí yóò gbé e. Bí a kò bá rí àdán, a lè fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò rò pé òòbẹ̀ ni ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́.

Ìtàn yíya fọ́tò ẹranko igbó fúnra rẹ̀ kò lè ṣàì dárúkọ ọkọ̀ kékeré. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ George Shiras. Amòfin ni, ọdẹ sì ni pẹ̀lú. Ó mọ ọ̀nà ìṣọdẹ kan tí àwọn Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń lò. Wọn a gbé iná síwájú ọkọ̀ lóru, wọn a máa rọra tukọ̀ lọ létí adágún, títí ojú ẹranko yóò fi máa tàn yanranyanran nínú òkùnkùn. Shiras gbé ìbọn sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà, ó sì ń fi iná tí ń bù yẹ̀rì ya àwòrán àwọn ẹranko tí ó wá mumi. Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwòrán rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tẹ ẹsẹ̀ sínú igbó rí ni ó tipa bẹ́ẹ̀ rí bí àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn ṣe ń ṣe lóru.

Ẹni tí ó bá mọ ọdẹ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí. Àwọn ọdẹ wa náà a máa gbé iná sórí lọ sí ìgbẹ́ lóru, ojú ẹranko tí iná bà ni wọ́n sì fi ń mọ ohun tí ó dúró níwájú wọn. Wọn kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran nìkan ni wọ́n ń gbé bọ̀ wálé. Wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n rí bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sì fi ń pa á mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá fi ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, hàn wá pé oríkì ẹranko àti ti ẹyẹ wà lára ohun tí ó gbé ìjálá ró. Nínú oríkì bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bí ẹranko kan ṣe ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, bí awọ rẹ̀ ṣe rí àti ọgbọ́n tí ó ń dá fún ọdẹ. Shiras fi àwòrán pa ohun tí ó rí mọ́. Onìjálá fi ohùn pa tirẹ̀ mọ́. Àwa ìran òde òní ni a ní àǹfààní láti fi méjèèjì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a kò bá sì ṣọ́ra, àwa náà ni a óò pàdánù méjèèjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìgànmú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Ìgànmú ni, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ka ìwé yìí tí kò mọ ohun tí Ìgànmú dúró fún lójú ẹni tí ń kọ́ àṣà. Ibẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè wà, tí òrùlé rẹ̀ rí bí fìlà ṣọ́jà. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1976. Ibẹ̀ ni ojú ayé yí sí láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú káàkiri àgbáyé pé jọ fún FESTAC. Ní ọdún 2024, ìjọba sọ gbọ̀ngàn náà ní orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Àwọn mìíràn tún mọ Ìgànmú mọ́ ilé iṣẹ́ ọtí bíà, níbi tí ìgò àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1949.

Ṣùgbọ́n kí gbọ̀ngàn tó dé, kí ìgò bíà àkọ́kọ́ tó jáde, ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú Ìgànmú. Omi ni ó ni ibẹ̀. Omi náà kò sì tíì lọ tán. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line ti ń ná Mile 2 sí Marina, ibùdó méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó sì wà ní sàkáání Ìgànmú. Bí ọkọ̀ náà bá kúrò ní ibùdó tí ó wà lẹ́bàá gbọ̀ngàn, tí ó forí lé Marina, orí omi ni yóò gbà kọjá. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé lè rí apẹja nínú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, àti ẹyẹ funfun tí ó dúró ṣinṣin níbi tí omi ti fà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ọkọ̀ ti kọjá. Àwọn èrò tí mo bá wọ̀ ọ́ a máa na ìka sí ẹyẹ náà, àwọn ọmọdé a sì máa béèrè orúkọ rẹ̀. Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹyẹ ni.”

Èyí ni ó ń dùn mí. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni a ti ń jó ijó wa, tí a ti ń lu ìlù wa, tí a sì ti ń ṣe eré ìtàn wa fún àlejò. Níta, lórí omi tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ẹ̀dá tí wọ́n wà nínú òwe, nínú ẹsẹ Ifá, nínú ìwúre àti nínú àlọ́ wa ń wá oúnjẹ òòjọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń pè wọ́n lórúkọ. Kì í ṣe ijó àti ìlù nìkan ni àṣà. Ẹni tí ó ń fi agbe, àlùkò àti lékeléke ṣe ìwúre ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, tí kò sì lè fi ọ̀kan hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé omi ọ̀hún kò ní dúró dè wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn dí ọ̀sà káàkiri Èkó láti fi kọ́lé. Ẹ wo ọ̀rá àti ike tí òjò ń gbá láti inú gọ́tà wa lọ sínú omi. Láti ọdún 1984 ni ewéko ojú omi kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí elésè àlùkò ti wọ ọ̀sà wa láti apá Bàdágírì. Bí ó bá ti tẹ́ rẹrẹ bo omi, àti àjẹ̀ àti àwọ̀n ni yóò há. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ àga, ni àwọn ènìyàn ń gé fún igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja àti edé ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà. Ibi tí ẹja bá ti tán, ẹyẹ apẹja kò ní dúró. Ibi tí ẹyẹ kò bá sí mọ́, ta ni yóò rántí orúkọ rẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kí ó wo igún. Òwe igún pọ̀ lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn igún nínú Ifá. Nígbà kan, ojúmọ́ kan kò lè mọ́ kí ènìyàn má rí i ní ìdí ìpẹran àti lórí àkìtàn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí ń ṣírò ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun lágbàáyé ka igún tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka òwe igún lónìí ń ka òwe ẹyẹ tí kò rí rí. Bí ó ṣe rí fún igún lónìí ni ó lè rí fún lékeléke lọ́la.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ lékeléke, ẹ jẹ́ kí n fi í ṣàlàyé bí àwòrán àti orúkọ ṣe lè ran ara wọn lọ́wọ́. Lóde òní, ẹyẹ funfun èyíkéyìí tí a bá rí lẹ́bàá omi, lékeléke ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àwòrán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ óò rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́, àgógó ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Òun ni ó ń tẹ̀ lé màlúù kiri láti jẹ tata tí màlúù bá ta jí. Ti èkejì, àgógó rẹ̀ gùn, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹja ni ó ń wá ní tirẹ̀, kò bá màlúù da nǹkan pọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pe èkejì yìí ní Egretta garzetta. Tún wo ẹ̀kẹta tí ó wọ́pọ̀ létí òkun ilẹ̀ wa, Egretta gularis: ara rẹ̀ sábà máa ń dúdú bí eérú, ọ̀fun rẹ̀ sì funfun. Ẹni tí ó ń gbé ilé kò níí fi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n apẹja tí ó ń wo ibi tí ẹyẹ dúró sí kí ó tó ju àwọ̀n rẹ̀, irọ́ ni pé yóò ka ajẹtata àti ajẹja sí ọ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a gbé àwòrán lọ. Kí a má sọ pé kí ó ṣàpèjúwe, kí a fi fọ́tò hàn án, kí a sì bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ̀ ń pe èyí?” Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tí ìwé atúmọ̀ èdè kò dáhùn láti ọdún pípẹ́ lè rí ìdáhùn ní ìṣẹ́jú kan.

Lékeléke ajẹtata yìí tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún wa. Ní nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ fò láti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá òkun Atlantic dé apá gúúsù Amẹ́ríkà. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó fi tàn dé àríwá. Ní gbogbo ibi tí ó dé, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n rí i. Àlejò ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ilé ni lọ́dọ̀ tiwa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe, nítorí a ti rí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Pierre Fátúmbí Verger, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1902, tí ó sì kú ní Bahia ní ọdún 1996, ayafọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán ni ó gbé e dé àárín wa, ní Kétu ni ó ti di babaláwo, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Nígbà tí ó kọ ìwé Ewé, tí ó jáde ní ọdún 1995, ó to orúkọ Yorùbá fún àwọn ewé pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lágbàáyé lè fi dá wọn mọ̀. Ó ti ọ̀dọ̀ àwọn baba tí ó mọ ewé gba ìmọ̀ náà, kò ti inú àlá gbà á. Bí àlejò bá lè ṣe èyí fún ewé, kí ni ó dé tí àwa ọmọ onílé kò lè ṣe é fún ẹyẹ àti ẹja?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ohun tí wọn yóò sọ lòdì sí àbá yìí. Àkọ́kọ́ ni ewu omi, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Omi tí ó wà láàárín Ìgànmú, Ìjọra àti Àpápá kì í ṣe omi àfiṣeré. Omi a máa kún, a sì máa fà, ọkọ̀ òkun ńláńlá ń kọjá ní Àpápá, ìdọ̀tí sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ. Kí a wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí a má jáde nígbà tí òjò bá ṣú, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí a bí sí etí omi máa ṣáájú wa. Odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ni àwa.

Èkejì ni pé àwòrán lè di atọ́nà fún olè. Òtítọ́ ni èyí náà. Ẹ wo odídẹrẹ́, tí òwò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè fi pinnu ní ọdún 2016 pé kí a má ṣe tà á kọjá ibodè mọ́ bí a bá mú un láti inú igbó. Ẹni tí ó bá ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ, kí ó má kọ ibi tí ó wà. Ibi tí àwọn ará ìlú bá sì yà sọ́tọ̀ fún òòṣà, kí a gba àṣẹ kí a tó gbé kámẹ́rà jáde. Igbó Òṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, fi yé wa pé èèwọ̀ pípẹja àti èèwọ̀ ṣíṣọdẹ lè dáàbò bo odò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ lọ sí àdúgbò àwọn apẹja, wọn a máa ya àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní fọ́tò bí ẹni ń ya ẹranko igbó, láìkí wọn, láìtọrọ gáfárà. Ìwàkiwà gbáà ni. Ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ. Àwọn bàbá àti ìyá etí omi, ìbáà ṣe Àwórì, ìbáà ṣe Ìlàjẹ, ìbáà ṣe Ẹ̀gùn, olùkọ́ wa ni wọ́n yóò jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Kí a dọ̀bálẹ̀, kí a kúnlẹ̀, kí a kí wọn kú iṣẹ́, kí a san owó ọkọ̀ àti owó àkókò wọn, kí a sì kọ orúkọ wọn sí ohun tí wọ́n bá kọ́ wa, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa ni a ní kámẹ́rà. Àwọn ni wọ́n ní orúkọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fún ojú omi. Kí a pe àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi káyáàkì ya fọ́tò, kí a háyà ọkọ̀ ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, kí a sì mú ìwé kékeré dání. Fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: orúkọ ẹ̀dá náà pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ̀ka èdè tí a ti gbọ́ orúkọ náà, ibi àti ọjọ́ tí a yà á, ohun tí apẹja sọ nípa ìṣe rẹ̀, àti òwe tàbí oríkì tí ó bá ní. Bí Ìlàjẹ bá pè é ní ọ̀kan, tí Ìjẹ̀bú pè é ní òmíràn, kí a kọ méjèèjì. Kí a má fi ọ̀kan pa èkejì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko bá wa fi orúkọ sáyẹ́ǹsì sí i. Kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù kan ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi irú iṣẹ́ yìí ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Ìtúpalẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ dára, ìwádìí lórí fónẹ́tíìkì dára, ṣùgbọ́n orúkọ ogún ẹja, tí a fi àwòrán àti ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, yóò ṣì wúlò fún èdè Yorùbá nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ wa bá ti di oúnjẹ ikán. Lóde òní, kọ̀ǹpútà lè wo fọ́tò ẹyẹ kí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ tí ènìyàn bá kọ́ ọ nìkan ni yóò sọ. Bí a kò bá kọ́ ọ ní tiwa, yóò máa fi èdè ẹlòmíràn dá àwọn ọmọ wa lóhùn títí ayé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí ni yóò kọ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi orúkọ ẹyẹ odò kan, wọn yóò ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n kọ ọ́ pé irú ẹyẹ kan ni, tàbí kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Nínú omi Ìgànmú ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà wà báyìí, àwọn apẹja sì ń jáde síbẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn lọ.